Òórùn búrẹ́dì àti oòrùn ọjọ́ Ẹtì

Òórùn búrẹ́dì ni ohun àkọ́kọ́ tó kí mi káàbọ̀ sínú ọgbà Yunifásítì Babcock, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló ń ṣe búrẹ́dì tirẹ̀, ó sì ní oko tirẹ̀. Èmi tí mo rò pé ìwé nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ẹnu yà mí gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ méje péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1959, nígbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Adventist, àwọn Kristẹni tó ń pa Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. 1999 ló di yunifásítì. Ìgbàgbọ́ ìjọ náà ni pé ọwọ́, ọpọlọ àti ọkàn gbọ́dọ̀ jọ gba ẹ̀kọ́. Ó yé mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo já ẹ̀fọ́ lóko, tí ìrì rẹ aṣọ mi dé orúnkún, tí mo sì ń rò ó pé oúnjẹ ẹnìkan ni mo gbé dání yìí. Kò sí ẹran nínú ọbẹ̀ wa o! Ó nira fún mi níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ̀wà wọn dùn, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ràn jù. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti fọṣọ, a ti gbálẹ̀ yàrá. Màmá tó ń bójú tó ilé ìbùsùn wa á máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa áyọ́ọ̀nù, Sábáàtì ti dé tán!” Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọgbà á dákẹ́, tí orin á wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.