Títọ́ Ọmọ Pẹ̀lú Ẹ̀jẹ̀ SS, ní Ìlọrin àti ní Ìlú Ọba

Ní Ìlọrin, bí kírísísì, ìrora líle tí ẹ̀jẹ̀ SS ń fà, bá dá ìyá ọmọ dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, kò sẹ́ni tó máa ń ronú ẹni tí yóò mú ọmọ lọ síléèwé tílẹ̀ bá mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wà ní yàrá kejì, ìyá àgbà wà ní pálọ̀, aládùúgbò sì mọ ọ̀nà iléèwé náà bí ẹni mowó. Owó ni ọ̀rọ̀ wà: èló ló wà nílé, ṣé yóò tó gba káàdì, tó ra abẹ́rẹ́, tó ra dríìpù? Ní Ìlú Ọba, ìdàkejì ni. Ẹ pe 999, áńbúláǹsì dé, ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè owó. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ń sùn ní yàrá kejì, aládùúgbò ò sì mọ orúkọ yín.

Fòníkú-fọ̀ladìde làwọn àgbà ń pe àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS (sickle cell) yìí. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ọmọdé nìkan ló ń ṣe. Àwọn tó ní in ti dòbí báyìí, wọ́n ń san owó iléèwé, wọ́n sì ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ fún òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba kì í fi í ṣe ti oògùn. Ẹ wá ẹni méjì tí kọ́kọ́rọ́ ilé yín yóò máa wà lọ́wọ́ wọn, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ òru. Ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ níléèwé, torí olùkọ́ ò ní fa ọmọ lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lákọsílẹ̀ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Kí báàgì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: oògùn ìrora, létà ilé ìwòsàn tó sọ irú oògùn àti ìwọ̀n tó bá yín lára mu, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ṣájà, aṣọ ọmọ fún ọjọ́ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ 999, ó lè ka àdírẹ́sì ilé sórí, ó sì lè sọ pé "Mummy has sickle cell." Ẹ jẹ́ kó máa fi fóònù tó ti kú ṣeré ẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Àwọn ará ilé rò pé òtútù Ìlú Ọba ló ń pa ẹlẹ́jẹ̀ SS. Ìyípadà òjijì ló burú jù. Bí ara bá ti inú ooru bọ́ sínú òtútù lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan á sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há síbẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù tó sì fi ogún ìṣẹ́jú rìn lè má ní wàhálà kankan. Ẹni tó fi síńgílẹ́ẹ̀tì sáré gbé ìdọ̀tí síta torí pé "ìṣẹ́jú kan péré ni" ló máa ń jẹ̀ka àbámọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́ tí kò gbé táwẹ́ẹ̀lì sí etí omi. Ọyẹ́ Ìlọrin ní ọgbọ́n tirẹ̀: ìdájí tutù, ọ̀sán gbóná, omi ara sì ti gbẹ kí èèyàn tó fura.

Omi ṣe pàtàkì níbi méjèèjì, torí kíndìnrín ẹlẹ́jẹ̀ SS kì í lè di omi mú bíi tẹlòmíràn. Nǹkan bíi lítà mẹ́ta lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbà ń lò, àfi tí dókítà bá ní kí wọ́n dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Píọ̀wọ́tà mẹ́fà nìyẹn ní Ìlọrin, òùngbẹ sì máa ń ránni létí. Nínú oṣù January ní Ìlú Ọba, òùngbẹ kì í gbẹni, híítà sì ń fa omi ara láìsọ̀rọ̀. Ẹ ra ìgò lítà kan, kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tẹ́ ẹ bu ú.

Lórí oògùn, Ìlú Ọba ló borí. Hydroxyurea, kápúsù 500mg, ló ń dín kírísísì kù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Dókítà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 15mg fún kílò ara kan, ẹni kílò 65 á wá máa lo kápúsù méjì lóòjọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí oògùn náà lè fa ẹ̀jẹ̀ funfun wálẹ̀ jù, wọ́n á sì dá a dúró díẹ̀ kó lè gòkè padà. Ibẹ̀ ló ti máa ń dàrú ní Ìlọrin: owó kápúsù wà, ti àyẹ̀wò ò sí. Ẹlòmíràn á lò ó lóṣù kan, á fò ó lóṣù kejì, á wá ní kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lílò ojoojúmọ́ kí agbára ẹ̀ tó hàn. Obìnrin tó bá ń gbèrò oyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, torí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n sábà ń dá a dúró.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ pátápátá o. Ní England, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́dún 2025, SS ò sì sí lára àwọn àìsàn tí wọ́n yọ̀ǹda kí aláìsàn gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Oògùn mẹ́rin lóṣooṣù á di £475.20 lọ́dún. Ẹ ra PPC ọlọ́dún kan, ìwé àsansílẹ̀ tó kárí gbogbo oògùn yín, dípò ẹ̀; £114.50 ni lọ́dún 2025. Aláboyún, àti ìyá tí ọmọ ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan, kì í san nǹkan kan.

Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní Ìlú Ọba, sọ pé kí ẹni tí kírísísì gbé wọlé rí oògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Létà inú báàgì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ẹ má sì dákẹ́ bí a ṣe kọ́ wa nílé: ẹni tí ìrora ti mọ́ lára lè máa tẹ fóònù nígbà tí ìrora ẹ̀ wà ní 9 nínú 10, nọ́ọ̀sì á ní kò ṣe é. Ní Ìlọrin, pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora, tí wọ́n ń gún lemọ́lemọ́ ni ẹ ṣọ́ra fún. Ó ń sọ ẹran ara di líle, ó sì ń di bárakú.

Ara gbígbóná ni ibi tí àṣà ilé ti lè pani. Ẹ̀yà ara abẹ́ ìhà òsì tó ń bá kòkòrò jà ti bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ SS láti kékeré. Bí ara bá ti dé 38°C, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe oògùn ibà ní kẹ́mísìtì kí wọ́n máa wòye. Ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ń lo proguanil, oògùn tó ń dènà ibà, lójoojúmọ́, wọ́n sì ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ní Ìlú Ọba, ẹ̀fọn ò sí lọ́rọ̀, àfi tí Iléyá bá ń gbé yín bọ̀ wálé: ara ti gbàgbé ibà, ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ẹ gba oògùn ibà tìyátìyá, tọmọtọmọ, kí ẹ sì lò ó tán lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Tí ara bá gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì A&E ni pé, "Mo lọ sí Nàìjíríà."

Ti jínótáìpù ọmọ kúrú. SS àti AA, AS ni gbogbo ọmọ. SS àti AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdajì àǹfààní láti jẹ́ SS. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ń gún ọmọ ní gìgísẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nílé, àlùfáà àti pásítọ̀ ń béèrè ìwé jínótáìpù kí yìgì tó wáyé, ó dáa, àmọ́ ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta lè rí èsì AS tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó wá ku ọmọ pípọ̀n. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé orí eegun itan, eegun náà lè kú díẹ̀díẹ̀, ọmọ lẹ́yìn sì wúwo fún irú itan bẹ́ẹ̀. Ìrora abẹ́nú itan tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ni àmì ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ yanjú ẹ̀ ní Ìlú Ọba, bọ́ọ̀sì pàápàá ní àyè fún un. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lọ Ọjà Ọba, ẹ ó rí i! Ní Ìlọrin, kí ẹlòmíràn pọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí ọmọ gun ẹ̀yìn, kí ẹ di ọ̀já ní ìjókòó, kí ẹ fọwọ́ ti ògiri kí ẹ tó dìde.