Òkúta Ọ̀fàdà

Títí dòní, màmá mi ò gbà pé kì í ṣe ìrẹsì Ọ̀fàdà ló kó òkúta sí mi nínú. "Mo ní kí o máa ṣà á dáadáa, o ní ebi ń pa ọ́."

Munich ni mò ń gbé, ní Jámánì. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ojú mi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìtọ̀ mi dúdú bíi Coke, ara ń yún mi débi pé òòyà ni mo fi ń họ ẹ̀yìn. Àṣé òkúta ló dí ọ̀pá tí òróòro ń gbà lọ sínú ìfun. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì! Wọ́n ti rọ́bà oníkámẹ́rà gba ẹnu mi wọlé, wọ́n la ẹnu ọ̀pá náà díẹ̀, wọ́n fẹ́ fi agbọ̀n wáyà kékeré gbé òkúta. Kò wọ agbọ̀n. Ni wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀ tó gba imú mi jáde, òróòro ń kán sínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má bi mí bí mo ṣe rí nínú dígí.

Rọ́bà yẹn náà ni wọ́n gbà rọ oògùn tó jẹ́ kí òkúta hàn nínú X-ray, kí wọ́n lè dojú ẹ̀rọ tó ń fi ìró fọ́ òkúta kọ ọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn apàrora, wọ́n gbé tìmùtìmù olómi tì mí níhà. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi rọ́bà ta mí. Ìró náà ń gba inú omi àti ẹran ara kọjá jẹ́jẹ́. Ìgbà tó bá kan òkúta ló ń di òòlù.

Ìlú yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí fọ́ òkúta inú kíndìnrín, lọ́dún 1980. Ti àpò òróòro tẹ̀ lé e ní 1985. Dornier, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn. Bí ẹ̀kán òjò ṣe ń dá àpá sára ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé ni wọ́n ń wádìí tí wọ́n fi já sí èyí. Òjò lásán! (Inú ọpọ́n omi ńlá ni àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ máa ń wà. Èmi mórí bọ́.)

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n tún gba ẹnu mi wọlé, wọ́n kó àfọ́kù jáde. Nọ́ọ̀sì gbé e wá nínú ike, wóró-wóró, ó pupa rúsúrúsú. Dókítà ní òróòro fúnra rẹ̀ ló dì bẹ́ẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta.

Màmá mi fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Ọ̀fàdà ni. Ṣé mi ò mọ òkúta Ọ̀fàdà ni?"