Ẹ béèrè ọjọ́ kí ẹ tó pọn ọmọ

Lọ́jọ́ kejì tí a sọ àkọ́bí mi lórúkọ ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò wa ní Iléṣà níbí, kó lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì wo ọmọ, ó wò mí, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ kú ewu o. Ṣùgbọ́n òní kọ́, ẹ padà wá ní Tọ́sìdeè." Inú bí mi. Mo ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Mo fìbínú lọ sílé, mi ò sì dé ibẹ̀ ní Tọ́sìdeè. Ọmọ ti lé ní oṣù méjì kó tó gba abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbà nígbà tí mo bí i.

Nígbà tí mo padà lọ, nọ́ọ̀sì kan tó dàgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìgò BCG hàn mí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ikọ́ fée. Ìgò náà ò ju àtàǹpàkò lọ. Ìyẹ̀fun ló wà nínú rẹ̀, omi tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń pò ó. Ìgò kan á tó ogún ọmọ. Tí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dídà nù ni. Ó ní, "Ká ní mo ṣí i torí ọmọ yín nìkan, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn mọ́kàndínlógún yòókù?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà Àtàkúmọ̀sà. Èmi náà kì í tú odindi ìdì aṣọ torí ẹni tó fẹ́ yáàdì kan.

Ó wá yé mi pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn tó ni ín. Lọ́dọ̀ tiwa, aboyún ló ni Mọ́ńdè, ọmọ ọwọ́ ló ni Tọ́sìdeè, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló ni Fúráìdeè. Tiyín lè yàtọ̀, ẹ béèrè.

Ìjẹ̀ṣà ni mí, Òṣómàáló ọmọ Òṣómàáló. Ẹni tó bá jẹ mí lówó aṣọ, ọjọ́ tó dá wà nínú ìwé mi, màá sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi san án. Àmọ́ káàdì ọmọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń jù ú sí! Ní báyìí, ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 tí wọ́n ń gba ti éèyi àti ibà pọ́njú, àti oṣù 15, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà láàárín àwọn onígbèsè.

Àwọn àmì tí wọ́n ń fi sórí káàdì tí wọ́n bá wọn ọmọ tán, eré ni mo pè é títí di ọmọ kejì. Ọmọ oṣù 8 ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ò gbóná, ṣùgbọ́n ìlà ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì tó yẹ kó máa gòkè ti tẹ́jú láti oṣù méjì. Nọ́ọ̀sì ò bi mí bóyá ó ń ṣàìsàn. "Kí lẹ ń fún un jẹ?" ló bi mí. Mi ò ní parọ́, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn bí omi ni. Ó ní kí n jẹ́ kó ki, kí n lọ edé sí i, kí n fi epo díẹ̀ sí i, kí n máa fún un ní ẹ̀wà tí mo ti bó. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìlà gbéra. Ẹni tó bá sì ní ohun òyìnbó lásán ni, ẹ sọ fún un pé Dókítà David Morley, tó wá ṣiṣẹ́ ní ọ̀sìbítù Wesley Guild níhìn-ín ní 1956, ara àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti fi káàdì yìí kọ́ṣẹ́ kó tó kárí ayé.

Abẹ́rẹ́ ọmọ kì í ṣe títà o. Wọ́n ti gbowó káàdì lọ́wọ́ mi níbì kan rí láìsí rìsíìtì. Mo ti ń béèrè rìsíìtì báyìí, owó náà sì máa ń yí padà di "ẹ máa lọ".

Ẹni tó bá ti wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ fée, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan wà fún un tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lọ́la. Ti ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, ẹ fi ti àwọn ọ̀rẹ́ yín sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n bá mi gbé báàgì ọmọ lọ lásán ni, nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ na apá yín wá." Màmá ní ara àwọn le. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru dé 180 lórí 110! Oògùn ẹ̀fọ́rí ni wọ́n sì ti ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́mísì láti ọdún tó kọjá. Wọ́n kọ lẹ́tà fún wa lọ sí ọ̀sìbítù ńlá, oògùn mú un wálẹ̀. Màmá ní ara ti yá, wọ́n pa oògùn tì. Kò pé oṣù kan, ó ti padà sókè. Oògùn ló mú un dúró nílẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Ní báyìí, tó bá di Fúráìdeè, wọ́n á ti wé gèlè kí n tó jí. "Ìyàwó, ẹ fi tàwọn ọmọ yín sílẹ̀ jàre. Òní tiwa ni."