Kí ló ń mu iná bátìrì mi?

Ìbàdàn, ọjọ́ Àbámẹ́ta

Lónìí ni mo wá mọ ohun tó ń mu iná bátìrì alùpùpù mi. Nǹkan méjì ni, kò sì sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi bátìrì nínú wọn.

Àlòkù ni mo ra máṣíìnì yìí. Bí mo bá ń gùn ún lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, kò ní wàhálà. N ó tẹ sítátà, yóò dáhùn. Àmọ́ bí mo bá gbé e kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, "tẹ̀kẹ̀-tẹ̀kẹ̀-tẹ̀kẹ̀" ni n ó máa gbọ́ lábẹ́ ìjókòó, iná iwájú á sì máa ṣe bàìbàì. Kíìkì tí à bá fi gba ara wa sílẹ̀ kò ràn án, torí inú bátìrì ni CDI tiẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná ránṣẹ́ sí púlọ́ọ̀gì, ti ń gba iná. Bí bátìrì bá ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ lásán lò ń dà láàmú, ṣòkòtò iṣẹ́ á sì gba òógùn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ náà lọ̀, ohun kan náà ló wà lẹ́nu wọn: ra bátìrì tuntun. Rìwáyà tó wà ní ìkòríta wa ò tiẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì tó fi dá mi lóhùn.

"Tíṣà, bátìrì yẹn ti kú. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ mówó wá, kí n bá yín ra ojúlówó."

Mi ò bá a jiyàn. Ọmọ dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó bátìrì lásìkò yìí kì í ṣe owó tí èèyàn fi í méfò.

Àyẹ̀wò tí mo kọ́kọ́ ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ìjókòó, mo fi sípánà tú wáyà dúdú kúrò lórí bátìrì, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà dúdú ni ká kọ́kọ́ tú o, kì í ṣe pupa. Bí sípánà bá wà lórí pupa tí ìdí rẹ̀ sì kan irin máṣíìnì nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́ yọ pàrà, gáàsì tó ń ti ara bátìrì jáde kò sì fẹ́ iná nítòsí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dá wáyà padà, mo tẹ sítátà. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún èmi, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀. Bátìrì tó ti kú á gbẹ, ì báà so mọ́ nǹkan, ì báà má so mọ́ ohunkóhun. Èyí dá wà fún òpin ọ̀sẹ̀ odindi, kò gbẹ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ku ká wá a kàn.

Ìyẹn ni mo gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná jáde fún lónìí. Mo kọ́kọ́ wọn bátìrì fúnra rẹ̀, tó ti sùn mọ́jú láìso mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá wọn ọ́n ní kété tó sọ̀ kalẹ̀ lórí máṣíìnì, mítà lè sọ fún un pé 13, kó máa yọ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan ná. Tèmi fún mi ní fólítì 12.6. Bátìrì oní-12 tó yó, láàárín 12.6 sí 12.8 ló máa ń wà. Tó bá ti bọ́ sí 12.0, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Mo dá wáyà padà, mo tan máṣíìnì, mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi dún sókè díẹ̀, mítà gun 14.2. A jẹ́ pé iná ń wọlé bó ṣe yẹ. Ìjáde rẹ̀ ló lọ́wọ́ kan nínú.

Mo pa á, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo sì ní kí àbígbẹ̀yìn mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, lọ bá ìyá rẹ̀ nínú ilé. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò fẹ́ eré. Mo tún tú wáyà dúdú, mo ki wáyà pupa mítà bọ ihò tí wọ́n kọ 10A sí, mo fi ẹnu mítà kan kan orí wáyà dúdú, mo fi èkejì kan ibi tí mo ti tú u lórí bátìrì. Báyìí, iná yòówù tí máṣíìnì bá ń fà, inú mítà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ sítátà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, fíúsì inú mítà lọ nìyẹn.

Máṣíìnì tí kò ní aago, tí kò ní alámù, tí a sì ti pa, odo ló yẹ kí mítà sọ, tàbí mílíámpíà kan sí méjì (ẹgbẹ̀rún mílíámpíà ló wà nínú ámpíà kan). Tèmi sọ 68. Kí n tó mí, ó di 110. Ó bọ́ sí 50, ó tún gòkè. Mo wò ó títí, kò dúró lójú kan, ṣùgbọ́n bí 70 ló ń yí ká.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. 12V 7Ah ni wọ́n kọ sára bátìrì mi, ìyẹn ẹgbẹ̀rún méje mílíámpíà fún wákàtí kan. Bí nǹkan bá ń fa 70 láìdáwọ́ dúró, wákàtí 100 ni yóò fi gbẹ́ ẹ tán. Láti aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sí aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 64 ni. Ohun tó ti lọ nígbà yẹn ju ìdajì lọ dáadáa, bátìrì ọ̀hún kì í sì í ṣe ọmọ tuntun. Kò sí àjẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mo yọ fíúsì. Fíúsì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo iná tó ń lọ sára máṣíìnì ń gbà, yàtọ̀ sí ti sítátà. Mo retí odo, ṣùgbọ́n mítà ṣì ń fò sókè fò sódò, ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ni. Nǹkan kan wà tí wọ́n so mọ́ orí bátìrì gan-an, tí kò gba ọ̀dọ̀ fíúsì kọjá. Mo tẹ orí ba. Wáyà pupa tín-ín-rín kan wà lábẹ́ bóòtù, wọ́n fi sẹ́lótéèpù dúdú wé e mọ́ àwọn yòókù bí ẹni pé látilé iṣẹ́ ló ti wá. Mo tẹ̀ lé e. Ó gba abẹ́ táǹkì, ó ṣẹ́rí padà, ó sì parí sẹ́yìn ike ẹ̀gbẹ́, nínú fóòmù tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

Tírákà ni. Ẹni tó ni máṣíìnì náà tẹ́lẹ̀ máa ń gbé e fún àwọn tó ń bá a jíṣẹ́ káàkiri ìlú, ó sì fi nǹkan yìí ń ṣọ́ wọn. Síìmù inú rẹ̀ ti kú tipẹ́. Tírákà ò mọ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó lè ròyìn ibi tí mo wà fún ẹni tí kò béèrè mọ́. Tírákà tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń sùn bí ọkọ̀ bá dúró, iná díẹ̀ ló sì ń fà. Èyí tí kò rí i lè má sùn rárá, ìdí nìyẹn tí mítà fi ń fò.

Mo tú wáyà rẹ̀, mo dá fíúsì padà. Mítà dúró digbí sórí 23. Ó ti kéré, àmọ́ kì í ṣe odo. Rẹ̀kítífáyà ló sọ sí mi lọ́kàn, torí kò gba abẹ́ kọ́kọ́rọ́ kọjá: ó so mọ́ bátìrì nígbà gbogbo, ó ń sọ iná ẹ̀rọ di èyí tí bátìrì lè gbà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ti bátìrì padà sẹ́yìn. Mo fa kọ́nẹ́tọ̀ rẹ̀ yọ, mítà di odo. Mo ki í padà, ó di 23. Mo yọ mítà, mo dá wáyà dúdú padà, mo tan máṣíìnì títí rẹ̀kítífáyà fi gbóná, mo pa á, mo tún wọn ọ́n: ó ti kọjá 30. Dáyóòdù, ìyẹn ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, tó bá ń jò, máa ń jò sí i bó bá ti gbóná. Ó ṣì ń ṣáàjì dáadáa o, ohun tó jẹ́ kó rí ibi fara pamọ́ sí nìyẹn.

Mo ń rò ó pé bí mo bá ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ìkòríta, bátìrì tuntun á ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, a ó máa dúpẹ́. Bátìrì tó bá ń gbẹ lemọ́lemọ́, ohun funfun á máa le mọ́ ara òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba ṣáàjì tó tẹ́lẹ̀ mọ́. Tuntun á di òkú, wọn á sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Rẹ̀kítífáyà ni n ó rà ní Gate, ní Ìbàdàn níbí, èmi pẹ̀lú mítà àti bátìrì la sì jọ ń lọ. Kí n tó sanwó, n ó fi wáyà pupa rẹ̀ kan orí pupa bátìrì, n ó fi mítà sáàárín wáyà dúdú rẹ̀ àti orí dúdú bátìrì. Bí kò bá jẹ́ odo tàbí kó súnmọ́ ọn, ẹ gbé òmíràn wá. Mo mọ bí ẹni tó ń tajà yóò ṣe wò mí.

Ọ̀rọ̀ tírákà la ò tíì yanjú nílé. Mo ti gbé e sórí tábìlì, ìyàwó mi sì bi mí pé:

"Bàbá Tóbi, ṣé ẹ mọ̀ pé olè wà ní àdúgbò yìí?"

Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n ra síìmù tuntun sí i, kí n dá a padà. Mo ní ká so ó mọ́ abẹ́ kọ́kọ́rọ́, kó má fa iná bí a bá pa á. Ó ní olè wo ló máa tan kọ́kọ́rọ́ kó tó fi ọkọ̀ gbé máṣíìnì lọ. Mi ò ní èsì, torí òótọ́ ni. Síìmù ni n ó rà, n ó sì wọn ọ́n lẹ́yìn náà. Bí ó bá lè sùn, kó fa bíi márùn-ún péré, kó padà sí àyè rẹ̀. Bí kò bá lè sùn, ṣéènì la máa rà.