Ọjọ́ tí wọ́n tú Àjàní sílẹ̀

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Yorùbá sí mi lónìí."

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ìparí oṣù kẹta ọdún 2024 ni. Mo wà ní yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, ní Maryland níbí, mo ń gbé oúnjẹ gbóná, ni fóònù dún. Ọmọ mi ni. Ó ní wọ́n ti yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ baseball òun, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Mo ní, "Áà, Àjàní, ọkọ mi, pẹ̀lẹ́..." mi ò tíì sọ ọ́ tán tó fi gé mi lẹ́nu. Oríkì tí ìyá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ tí a kó o jáde nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ lọ, n kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá ti gbọ́ pé ọmọ ẹnì kan ń gbá bọ́ọ̀lù l'Amẹ́ríkà, owó ló ń wá sí yín lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí fọ́tò Àjàní lórí WhatsApp, pẹ̀lú fìlà àti igi bọ́ọ̀lù léjìká. Ó ní kó bá òun kan páànù ilé, ilé oníyàrá mẹ́fà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo fi owó ránṣẹ́ sí Àjàní kó fi ra táyà.

Ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ kan mú un láti máa gbá baseball bí iṣẹ́, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì. Mo jó nínú kíṣìnì. Mi ò mọ̀ pé baseball ní àkàbà: Single-A, High-A, Double-A, Triple-A, kí èèyàn tó dé Major League, òkè pátápátá, àti pé ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ kí wọ́n tó dé òkè. Nígbà náà, owó tó kéré jù ní Single-A jẹ́ $290 lọ́sẹ̀, ní àsìkò ìdíje nìkan. Bí wọ́n bá ń gbaradì ní Florida tàbí Arizona kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í san owó iṣẹ́ fún wọn nígbà náà. Ọdún 2018 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè béèrè owó wákàtí tó bá ṣe kọjá ogójì lọ́sẹ̀. Ọmọ mi àti àwọn mẹ́ta mìíràn ń há ara wọn mọ́ yàrá méjì, orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ló ń sùn. Mo din ata, mo di í sínú kúlà, mo sì wakọ̀ lọ bá a ní North Carolina.

Mo gbádùn pápá kékeré yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Bí Àjàní bá ti gbá bọ́ọ̀lù, èmi á dìde, "Sá! Àjàní, sá!" Ìyá àgbà òyìnbó kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọ́ ọ títí, ó di pé kí òun náà máa ké "Sá! Sá!" ṣáájú mi. Ọjọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé mo wà nílé.

Àbúrò mi kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán n'Íbàdàn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ ọjọ́ fíríìdọ̀mù rẹ̀. Ọjọ́ náà dé, ó kúnlẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà fún un, wọ́n da pọ́ńdà sí i lórí, a sì jẹ ìrẹsì di alẹ́. Níbí, nígbà tí wọ́n mú Àjàní, ẹgbẹ́ tó bá mú ọ ló ni ọ́ fún bíi sáà méje. O kò lè kó ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, ṣùgbọ́n ọ̀gá lè pè ọ́ sí ọ́fíìsì láàárọ̀ kí ó sì tú ọ sílẹ̀. Bí àwọn náà ṣe ń pè é nìyẹn, ìtúsílẹ̀. Kò sí pọ́ńdà, kò sí ìrẹsì. Ọmọ mi ní kí ó tó padà dé ibi àpótí aṣọ rẹ̀, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Ọdún 2020, àrùn kòrónà ò jẹ́ kí wọ́n gbá rárá. Ọdún 2021, wọ́n gé ẹgbẹ́ tó lé ní ogójì kúrò. Àǹfààní bẹ̀rẹ̀ sí í dé díẹ̀díẹ̀: wọ́n ń fún wọn nílé gbé láti 2022, oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nígbà tó sì di 2023, owó tó kéré jù di $26,200 lọ́dún ní Single-A, $30,250 ní Double-A tí Àjàní wà. Ẹni tó kéré jù lókè lọ́dún yẹn ń gba $720,000. Ìpele kan ṣoṣo ló wà láàárín Double-A àti òkè náà.

Mo ní àwọn tí mo fi ń ki ara mi láyà. Ní 2015 tí ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers mú Demi Orimoloye, ọmọ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dàgbà ní Kánádà, mo pe Àjàní wá síwájú kọ̀ǹpútà pé kó wá wo orúkọ Yorùbá. Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, wọ iṣẹ́ yìí ní 2008, ó di 2017 kó tó dé òkè, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Áfíríkà tó débẹ̀. Ìtàn yẹn ni mo máa ń sọ fún bàbá Àjàní bó bá ní kí ọmọ náà wáṣẹ́ gidi ṣe. Ohun tí n kì í sọ ni pé ìyá Gift kú ní 2013. Kò rí i.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn títí. Ọdún márùn-ún, gbogbo Yorùbá tí mo sọ fún ọmọ yìí lórí fóònù, àdúrà ni. O máa dé òkè. Wọn ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ẹnu kì í sì í sinmi nídìí àdúrà ìyá: láti inú bọ́ọ̀sì òru, láti ibi tí wọ́n ti ń fi yìnyín di orúnkún rẹ̀, ó ń ṣe "Àmín, mà." Mi ò rántí ìgbà kan tí mo fi Yorùbá bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́.

Ó dé ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú báàgì ńlá kan àti igi mẹ́ta. Mo bu ẹ̀fọ́ sí i. Mo ní, "Àjàní, ṣé ó rẹ̀ ẹ́?" Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ títí ẹ̀fọ́ fi tutù.

Àwọn igi náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, n kì í gbá ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún pè lánàá nítorí páànù. Mi ò tíì sọ fún un.