Ohun tó wà lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì

Ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò ní Winnipeg ni màmá mi bi mí lórí fóònù pé, "Fúnmi, kí lo wọ̀ sẹ́sẹ̀ yẹn?" Mo ti fi fóònù ti ògiri kí n lè ráyè di okùn bàtà mi, kámẹ́rà sì tú àṣírí mi. Mo ní, "Síkẹ́ẹ̀tì ni, Màámi." Wọ́n ní, "Mo rí síkẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?" Ṣòkòtò ló wà lábẹ́ rẹ̀, méjì pàápàá, ọ̀kan fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara, ìkejì nípọn bí aṣọ ìbora, torí pé òtútù ọjọ́ náà ti lọ sí 31 nísàlẹ̀ òdo. Màmá dákẹ́. Mo mọ̀ pé Diutarónómì 22:5, tó ní kí obìnrin má wọ aṣọ ọkùnrin, ni wọ́n ń kà nínú ikùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Tí síkẹ́ẹ̀tì bá ti bò ó, Ọlọ́run mọ ọkàn."

Ẹ̀gbẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Yàgbà, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, láàrin àwa tí a máa ń kí ara wa pé "Òkun o". Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń gbé Winnipeg, ní Manitoba. Kánádà yìí náà ni Tommy Titcombe, ajíhìnrere tó dé ilẹ̀ wa ní 1908, ti gbéra wá, Ẹ̀gbẹ̀ sì ni wọ́n ti jókòó ní 1954 tí wọ́n dá ìjọ ECWA sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gbé mi dé ibi òtútù, mo máa ń sọ pé òyìnbó ti wá wo ilé wa, ó yẹ kí ẹnì kan lọ wo ilé tiẹ̀ náà.

Nílé, ìdánwò mẹ́ta ló wà kí èèyàn tó kọjá ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Ìsinmi. Màmá á ní, "Jókòó kí n rí i." Bí orúnkún bá yọ, yàrá lo padà sí. "Bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀." Ọrùn aṣọ ni wọ́n ń wò níbẹ̀. "Gbé apá sókè." Ẹni tó bá yege gbogbo èyí tó sì gbàgbé yẹ̀rì, oòrùn tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló máa já a kulẹ̀. Bí a bá jáde, ó ku ojú àdúgbò. Ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkóríta, tí kò bá wa tan rárá, lè pè mí kó sì ní, "Fúnmi, ṣé ìyá ẹ rí ọ kó o tó jáde?" N ó sì padà sílé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo kórìíra rẹ̀ débi pé mo máa ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣùgbọ́n ojú yẹn kì í rí gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ síbi ìgbéyàwó kan ní ìlú tí kì í ṣe tiwa, ní ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo ti gbàgbé gèlè mi sínú mọ́tò. Obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fa ìborùn kan yọ nínú àpò ọ̀rá, ó sì fi dì mí lórí láìbi mí léèrè. Ó tutù, ó ń rùn ìpara irun ẹlòmíì. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù ọjọ́ náà. Iwájú mi gan-an ni ìyá kan jókòó sí, léèsì ọrùn rẹ̀ lè san owó ilé-ìwé ọmọ méjì fún sáà kan, gèlè rẹ̀ sì ga débi pé mi ò rí ojú ìyàwó títí tí wọ́n fi jáde. Kò sẹ́ni tó bá òun sọ nǹkan kan. Àga tó dáa ni wọ́n gbé fún un.

Tímótì Kìíní 2:9 ni gbogbo wa há sórí, ibi tó ti ní kí obìnrin fi aṣọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ń kà á nílé, ohùn á lọ sókè lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, á sì sáré kọjá lórí irun dídì, wúrà, péálì àti aṣọ olówó iyebíye. Tọ́mọdé bá ka ẹsẹ yẹn, á rí i pé owó ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí jù. Àwa gbọ́ gígùn aṣọ, a ò gbọ́ iye rẹ̀. Èèyàn lè bo ara láti ọrùn dé kókósẹ̀ kó sì fi oṣù mẹ́ta san gbèsè aṣọ ẹbí.

Ní Winnipeg, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ojú nìkan ló ń yọ. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yangàn nínú kóòtù tó dé kókósẹ̀. Tó bá di oṣù kẹfà, oòrùn á mú, gbogbo ìlú á bọ́ aṣọ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, wọ́n á nà sórí koríko ní The Forks, níbi tí odò méjì ti pàdé. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Ní báyìí, mò ń lá áísìkírímù mi kọjá lọ ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń wo èmi náà. Mo gùn láṣọ o, mo kúrú o, kò kàn wọ́n. Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ń ṣe mí bíi pé mo sọ nǹkan nù, pé nínú gbogbo ìlú ńlá yìí, kò sí ìyá alákàrà kan tó lè dá mi padà sílé.

Mo ra jíǹsì. Mo wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, àrá kò sì sán pa mí. Níbi iṣẹ́, ṣòkòtò ni mo ṣì ń wọ̀ títí di òní, torí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì ń gbé ìyá ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kò nílò aṣọ tó máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mi ò rò pé mo dín lóbìnrin ní wákàtí mẹ́jọ yẹn.

Àmọ́ síkẹ́ẹ̀tì ni mo padà sí, láìsí ẹni tó wàásù fún mi. Ìró àti síkẹ́ẹ̀tì gígùn ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ni rìn. Ìṣísẹ̀ á kúrú, ẹ̀yìn á nà. Bí o bá fẹ́ jókòó, o ní láti kó aṣọ jọ lẹ́yìn ná, kí o tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo tún fẹ́ràn bí ìró mi ṣe ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí mo bá wọ̀ ọ́, mi ò kì í sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Mo ti pàdánù bọ́ọ̀sì púpọ̀ nípa bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo máa ń ráyè gbàdúrà ní ibùdókọ̀. Mo sì ń rántí ẹni tó ni mí. Bí mo ṣe ń rọ́ ìró náà mọ́ ìdí láàárọ̀, ó dà bí ìgbà tí màmá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, àfi pé èmi ni mò ń sọ fún ara mi pé jókòó kí n rí i.

Ẹsẹ kan wà nínú Òwe 31 tí a máa ń kà kọjá bí ẹni ń fo ẹrẹ̀ lọ́jọ́ àwọn ìyá nílé, ẹsẹ 21, tó ní obìnrin yẹn kò bẹ̀rù òjò dídì fún àwọn ará ilé rẹ̀, torí ó ti wọ̀ wọ́n láṣọ. Kí ló kan ará Yàgbà kan òjò dídì? Láàárọ̀ ọjọ́ kan mò ń fa ìbọ̀sẹ̀ kejì sókè fún ọmọ mi, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti ń yọ ní ìkóríta, ni ẹsẹ náà bá sọ sí mi lọ́kàn, mo sì bú sẹ́rìn-ín débi pé ọmọ bi mí kí ló dé.

Obìnrin inú orí ìwé yẹn a máa wá irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀, a máa rànwú, a máa ta aṣọ. Ìyá màmá mi nìyẹn. Ogidi ní Ìjùmú ni wọ́n ti wá, ìlú tí wọ́n bí Nike Okundaye sí ní 1951, ẹni tó gbé iṣẹ́ aṣọ wa dé òkè òkun. Ní Ogidi àti ní ilẹ̀ Bùnú, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró gbọnrangandan. Ti àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, èyí tí ìyá màmá mi ń hun fẹ̀, ó nípọn, kíjìpá ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Ọyẹ́ ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń hun ún, ṣùgbọ́n bí mo bá fi bo èjìká nínú kóòtù, atẹ́gùn Manitoba ń bá a ja ìjàkadì ni.

Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ tuntun níbí kò mọ̀ mí. Bí síkẹ́ẹ̀tì wọn bá gùn, á là dé itan. Òkìrìkà ni mò ń rà, síkẹ́ẹ̀tì àwọn ìyá àgbà tó ti kú, dọ́là mẹ́jọ, inú rẹ̀ ní àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó tún ní àpò. Mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ torí owó tí télọ̀ ibí ń gbà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé "ó ku bọ́tìnnì nìkan", gbólóhùn tí télọ̀ mi nílé fi gbé mi dé àárọ̀ Kérésì lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan wà lórí Instagram tó ń ta aṣọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀gbọ̀ funfun, wọ́n á máa po búrẹ́dì nínú oòrùn àárọ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa ìwà obìnrin. Aṣọ wọn wù mí. Mo wo iye rẹ̀, mo sì pa fóònù dé. Mo fi ọ̀kan han màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé ọmọ yìí ti wa ẹ̀gẹ́ rí. Màmá mi gan-an, ìró ni wọ́n fi ń lọ sóko, wọ́n á ká a sókè dé orúnkún, wọ́n á fi ẹ̀gẹ́ kún agbọ̀n, ohùn wọn á sì dé òkè odò. Bí ẹ̀mí tútù tí Pétérù ní kí obìnrin ní bá túmọ̀ sí ohùn kékeré, kò sí ní ilé wa.

Àwọn Hutterite ni mo ti fẹ́ sọ láti ọjọ́ yìí. Onígbàgbọ́ tó ń sọ èdè Jámánì ni wọ́n, wọn kì í jagun, ìyà tí wọ́n sì jẹ lórí ìyẹn ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló gbé wọn wá sí Manitoba ní 1918. Ibùdó wọn níbí lé ní 100, oko ni gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo kọ́kọ́ rí àwọn obìnrin wọn ní ọjà àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, síkẹ́ẹ̀tì dé kókósẹ̀, ìborùn dúdú lórí, wọ́n ń ta kárọ́ọ̀tì àti adìyẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn.

Inú ìgàn aṣọ kan náà ni wọ́n ti gé gbogbo aṣọ wọn, wọ́n ń rán an fúnra wọn, olówó kò sí láàrin wọn tó lè fi tirẹ̀ borí. Aṣọ ẹbí ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè torí ẹ̀. Ìyẹn ni Ẹ̀gbẹ̀ kò kọ́ mi. Mi ò lè gbé ọ̀dọ̀ wọn ṣá, ojú tó ń ṣọ́ wọn pọ̀ ju ti àdúgbò wa lọ, mo sì fẹ́ràn yẹtí.

Ọ̀kan nínú wọn, ó lè tó ẹgbẹ́ mi, rí kíjìpá lọ́rùn mi, ó sì bi mí ta ló hun ún. Ó yí etí aṣọ náà padà, ó ń wo ibi tí ìyá màmá mi fi òwú parí. Ó wá ṣí etí síkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún mi wò, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni, ó mọ́ bí ti ẹ̀rọ. Mo sọ fún màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìborùn dúdú yẹn ló kàn wọ́n nínú gbogbo ìtàn mi. Wọ́n ní kí n ra ọ̀kan wá fún àwọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo bi obìnrin náà léèrè. Ó ní àwọn kì í tà á. Ó kó kárọ́ọ̀tì mi sínú àpò, ó fún mi ní ṣéńjì, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì wọn afẹ́fẹ́, ó bi mí bí orí ìyá mi ṣe tóbi tó.