Ọpẹ́ Mi Rèé: Olúwa Yọ Mí Nínú Odò Ọya

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ẹbí, gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tí ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Òkú mi ni wọn ì bá máa wá kiri létí odò, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo jókòó nílé wa ní Ọjẹ́, tí mo ń kọ ẹ̀rí yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé mo fẹ́ràn omi. Adágún Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé odò Ọ̀nà fún ní 1942, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó sí, tí àjẹ̀ rẹ̀ ń wọ omi lọ́tùn-ún lósì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti fi í sọ̀kalẹ̀ lójú odò Ọya, láti Jẹ́bà dé Lọ́kọ́ja, kí n máa yà sí ìlú kọ̀ọ̀kan, kí n kí wọn, kí n sùn, kí n tún máa lọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kò fẹ́. Wọ́n ní ṣé n kò gbọ́ pé odò yẹn ló pa Mungo Park ní Bùsà ní 1806 ni. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ náà gba ojú odò kan náà ní 1830, wọ́n sì bá a dé etí òkun. Màmá mi ní tiwọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n di gààrí fún mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Mo gbéra lábẹ́ afárá réluwéè Jẹ́bà, tó ti wà níbẹ̀ láti 1916. Ní Pàtẹ́gí, níbi tí àwọn Tápà ti máa ń fi ọkọ̀ ojú omi díje, àwọn ọ̀dọ́ yí mi ká, wọ́n ní àfi káwọn wọ káyáàkì wò.

Lẹ́yìn tí mo kọjá Mùréjì, níbi tí odò Kàdúná ti ń já sínú Ọya, ọ̀sán ṣú dùdù. Ìjì ló kọ́kọ́ dé, òjò tẹ̀lé e. Ìgbì gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ dojú dé. Fóònù, oúnjẹ, àjẹ̀, gbogbo rẹ̀ bómi lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí mo dè mọ́ra, ló gbé mi sókè. Mo di ìdí ọkọ̀ mú, omi ń wọ́ mi lọ, n kò rí bèbè ọ̀tún, n kò rí tòsì. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi kan òkìtì yanrìn láàárín odò. Bí mo ṣe ní kí n fa ọkọ̀ gorí rẹ̀, ìgbì já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ ṣú. Omi tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi dé orúnkún, ó kọjá orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, nítorí bí mo bá dákẹ́, ẹkún ni ì bá gba ẹnu mi.

Orin yẹn ni wọ́n gbọ́! Bàbá apẹja kan àti ọmọ rẹ̀ kékeré ló jáde wá wo àwọ̀n wọn kí omi má bàa gbé e lọ. Ọmọ ń tan tọ́ọ̀ṣì, bàbá ń tukọ̀. Wọn kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ Tápà. Bàbá fà mí bọ́ sínú ọkọ̀, ó ń wí pé "Alihamudulilai", èmi ń dáhùn pé "Halelúyà", bẹ́ẹ̀ la ń bá a lọ títí a fi gúnlẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé Tápà ni ìyá Ṣàngó. Èmi gbà pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni mo bọ́ sí lóru ọjọ́ náà.

Ìyá ilé dáná, wọ́n bọ́ aṣọ tútù lọ́rùn mi, wọ́n fún mi ní kúnú gbígbóná tí atalẹ̀ rẹ̀ ta mí dé àyà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n fi ọ̀kadà ránṣẹ́ sí ìyá oníṣòwò kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní Pàtẹ́gí, àwọn ló pe ilé. Gbogbo òru yẹn ni ìjọ wa ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Màmá mi ní nígbà tí fóònù dún, àyà àwọn kò gbà á láti gbé e.

Ibà dá mi dúró lọ́dọ̀ wọn, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ abúlé rí káyáàkì mi nínú eèsún nísàlẹ̀ odò, bàbá sì gbẹ́ àjẹ̀ tuntun fún mi. Òun ni mo fi wà á dé Báró, tí mo fi gba abẹ́ afárá Murtala Mohammed kọjá, títí mo fi dé Lọ́kọ́ja, níbi tí Ọya àti Bénúé ti pàdé. Mo wólẹ̀ sórí yanrìn, mo dúpẹ́ títí ohùn mi fi há.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wá bá mi jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀bùn kankan wá fún mi. Jákẹ́ẹ̀tì orí omi ni kí ẹ bá mi rà, kó jẹ́ ti ọmọdé, nítorí ọmọ tó tan tọ́ọ̀ṣì fún mi lóru ọjọ́ yẹn kò wọ ọ̀kankan. Lọ́jọ́ Ajé ni mo máa kó wọn lọ fún wọn.